Irun Tútù Lórí Ìrọ̀rí: Kí Ló Ń Ṣe Irun, Kí Ló Ń Ṣe Awọ Orí?

Ọ̀pọ̀ ibi láyé ni àgbà ti máa ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kó má fi orí tútù sùn. Nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n á ní kí ọmọ yáa nu orí rẹ̀ kí òtútù má baà wọ̀ ọ́ lára. Ní Philippines, wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá sọ ọ́ dàṣà lè fọ́jú tàbí kó ya wèrè. Ọ̀fìnkìn ni àwọn òyìnbó ń bẹ̀rù ní tiwọn. Bí èèyàn bá sì dé ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ọ̀rọ̀ mìíràn ni yóò gbọ́: irun á máa já, orí á máa yún, gbogbo rẹ̀ á sì máa rùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ èèyàn. Obìnrin tó ti ọjà tàbí ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́jọ alẹ́ kì í sábà rí àyè fọ irun àfi lálẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé inú ọgbà ilé ìwé, àti ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ tó ní láti sun àwọn ọmọ kó tó rójú ara rẹ̀. Bí iná mànàmáná bá tún lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, dráyà tó wà nílé kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ náà di títú wò, kí èèyàn lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, èyí tó jẹ́ àsọdùn, àti èyí tó kan irú irun kan ju òmíràn lọ.

Ohun tí títú u wò fi hàn ni pé alẹ́ kan ṣoṣo kò pa irun ẹnikẹ́ni lára. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ọ̀rinrin pẹ́ lórí, kó máa rí bẹ́ẹ̀ léraléra, kó sì jẹ́ lábẹ́ nǹkan tí atẹ́gùn kò lè gbà wọlé. Tí a bá fi ojú yìí wò ó, ẹni tó dirun mọ́ àtáṣímẹ́ǹtì, tàbí tó fi wíìgì bo irun dídì, wà nínú ewu ju ẹni tó gé irun mọ́lẹ̀ lọ fíìfíì.

Ohun tí omi ń ṣe nínú fọ́nrán irun

Fọ́nrán irun tó ti jáde kúrò nínú awọ kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì ní iṣan. Purotéènì tí wọ́n ń pè ní kẹ́rátìnì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé fọ́nrán kan sábẹ́ ẹ̀rọ alágbára tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ìpẹ́ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni wọ́n máa rí lára rẹ̀, tí ọ̀kan gorí èkejì bíi páànù òrùlé, tí ẹnu gbogbo wọn sì kọjú sí ìparí irun. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ìpẹ́ wọ̀nyí, òun ló ń mú kí omi yọ̀ dànù lórí irun tó dá ṣáṣá. Inú lọ́hùn-ún, lábẹ́ ìpẹ́, ni agbára irun wà.

Omi máa ń wọ inú ibẹ̀. Irun lè mu omi tó tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Bó ṣe ń mu ún ló ń wú: ìbú rẹ̀ lè fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, nígbà tí gígùn rẹ̀ kò ní fi ju ìdá kan sí méjì lọ. Inú tó wú yìí ló máa ń ti ìpẹ́ òde, tí ẹnu wọn á fi ṣí sókè díẹ̀. Nígbà tí irun bá gbẹ, ó fọn padà, ìpẹ́ á sì wálẹ̀.

Oríṣi ìdè méjì pàtàkì ló so kẹ́rátìnì pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ìdè tí kò lágbára, tí omi lásán lè tú, tó sì máa ń so padà bí irun bá ti gbẹ. Èkejì ni ìdè imí ọjọ́, èyí tí omi kò lè ṣe ní nǹkan kan; rílásà ló ń já irú rẹ̀. Ìdè àkọ́kọ́ yìí ló fà á tí ẹni tó fi irun tútù sùn fi máa ń jí pẹ̀lú irun tó tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan orí. Omi ti tú ìdè náà, ìrọ̀rí ti tẹ irun, ìdè sì ti so padà bí irun ṣe wà lábẹ́ orí.

Àwọn obìnrin wa ti ń lo ọgbọ́n yìí tipẹ́tipẹ́. Irun tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, tí wọ́n fi òwú dúdú kó láti ìdí dé ṣóńṣó, máa ń nà gbọọrọ bó bá gbẹ, láìsí iná, láìsí kẹ́míkà. Lónìí, àwọn tó fi irun wọn sílẹ̀ láìfi rílásà sí i ṣì máa ń bà á ní ńlá-ńlá lálẹ́ pẹ̀lú omi díẹ̀, kó lè nà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀rinrin díẹ̀ lálẹ́ kì í ṣe ọ̀tá, nígbà náà. Ohun tó yẹ kí èèyàn bi ara rẹ̀ ni bí omi náà ti pọ̀ tó, àti wákàtí mélòó tó máa lò kó tó kúrò.

Ìwádìí kan wà tó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ wákàtí yìí. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Gúúsù Kòríà gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìwádìí *Annals of Dermatology*. Wọ́n mú ìdì-ìdì irun tí wọ́n gé, wọ́n ń fi ṣáńpù fọ̀ ọ́, wọ́n sì ń gbẹ ẹ́ fún ìgbà 30. Wọ́n fi apá kan sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé dráyà sí ìyókù láti ibi tó jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà 15, 10 àti 5. Ooru tó ń dé ara irun níbẹ̀ jẹ́ 47°C, 61°C àti 95°C. Bí dráyà ṣe ń súnmọ́ irun ni ìpẹ́ òde ń bàjẹ́ sí i, èyí kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu wà nínú irun tí wọ́n fi sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀: nínú irun yìí nìkan ni ohun tó lẹ sẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ra wọn lábẹ́ ìpẹ́ ti bàjẹ́.

Àlàyé wọn ni pé omi tó pẹ́ lára irun lè wú ibi ìlẹ̀pọ̀ náà títí yóò fi bàjẹ́. Wọ́n sì dámọ̀ràn pé kí èèyàn lo dráyà láti sẹ̀ǹtímítà 15, kó máa yí i káàkiri, kó má dúró sójú kan. Orí àtẹ nílé ìwádìí ni irun wọn wà, kò sí orí èèyàn lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ìrọ̀rí. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà fọ́ èrò ọ̀pọ̀ èèyàn pé gbígbẹ láìlo iná kò lè ní àléébù kankan.

Omi tó ń wọlé, omi tó ń jáde

Wíwú àti fífọn léraléra máa ń tán irun lókun. Irun tí wọ́n ti pa láró, tí wọ́n ti bó àwọ̀ rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti fi rílásà sí, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí ọ̀rá òde rẹ̀ ti lọ, ìpẹ́ rẹ̀ ti ṣí, omi sì ń wọ̀ ọ́ kíákíá. Irú irun bẹ́ẹ̀ máa ń rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ bó bá tutù, tí èèyàn bá fà á, á nà, á nà, kò sì ní padà sí bó ṣe wà.

Òróró lè dí ọ̀nà omi yìí. Ní 2003, àwọn olùwádìí méjì láti Íńdíà, Rele àti Mohile, fi òróró àgbọn wé òróró súnfíláwà àti òróró tí wọ́n ń yọ lára epo rọ̀bì. Òróró àgbọn nìkan ló dín purotéènì tó ń bọ́ lára irun kù, yálà wọ́n fi pa irun kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ tàbí lẹ́yìn náà. Ìdí tí wọ́n rí ni pé ásíìdì lọ́ríìkì tó pọ̀ nínú rẹ̀ kéré tó láti wọ inú irun lọ, kó sì jókòó síbi tí omi ìbá gbà. Àdín, tí àwọn ìyá àgbà ń yọ lára ekùrọ́, ní ásíìdì kan náà. Bí ìdajì rẹ̀ ni. Ó yẹ kí onídìrí òde òní mọ̀ pé ìgò àdín tó ń wà lórí pẹpẹ ìyá rẹ̀ kì í ṣe ohun àná lásán.

Irun wa kò rí bí irun tí wọ́n ń kọ̀wé lé lórí

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó ń wá láti ìlú òyìnbó dá lórí irun tó na. Wọ́n á ní kí èèyàn má ṣe ya irun nígbà tó bá tutù rárá, nítorí ìgbà náà ló ń já jù. Fún irun tó na, òótọ́ ni. Fún irun tó ká bíríkítí bí tiwa, ó yàtọ̀: àwọn tó wọn agbára tí òòyà ń lò láti gba inú irun kọjá rí i pé irun ọmọ Áfíríkà rọrùn láti yà nígbà tó bá tutù ju ìgbà tó bá gbẹ lọ. Omi máa ń tú ìkáni rẹ̀ díẹ̀, òòyà á sì rí ọ̀nà gbà.

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà. Bí wọ́n bá gé fọ́nrán irun wa sọ́tùn-ún sósì, ojú rẹ̀ tẹ́ bí ẹyin, kò ṣe róbótó. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2003 láti ilé ìwádìí L'Oréal fi hàn pé kì í wú tó irun àwọn òyìnbó àti ti àwọn ará Éṣíà nínú omi, àmọ́ kò lágbára tó tiwọn bí wọ́n bá fà á. Ní 2000, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Nonhlanhla Khumalo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo irun ọmọ Áfíríkà tí kò sí kẹ́míkà lára rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ alágbára. Wọ́n bá kókó tó ta fúnra rẹ̀ káàkiri, àti ojú ibi tí irun ti já. Ibi tó ti ká gan-an ló ti ń já.

Ó tún ń lọ́ra láti hù. Ìwádìí tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Loussouarn gbé jáde ní 2001 wọn bí irun ṣe ń hù lórí àwọn ọmọ Áfíríkà sí nǹkan bíi máíkírómítà 256 lójúmọ́, nígbà tí tàwọn òyìnbó jẹ́ 396. Tiwa kò pé sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Ẹni tí irun ẹ̀bátí rẹ̀ bá já lórí ìrọ̀rí ní láti fi ọ̀pọ̀ oṣù dúró kó tó rí i padà.

Ìrọ̀rí sì lè já a. Aṣọ òwú rí ṣákaṣàka, ó sì ń fa omi. Irun tó wú, tí ẹnu ìpẹ́ rẹ̀ ṣí, máa ń há mọ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lára bí ẹni tó sùn ṣe ń yí orí káàkiri. Ìpàkọ́ àti ẹ̀gbẹ́ orí ló ń jìyà rẹ̀ jù. Sátíìnì tàbí ṣẹ́dà máa ń jẹ́ kí irun yọ̀ lọ, ìdí nìyí tí bọ́nẹ́ẹ̀tì fi gbajúmọ̀. Ṣùgbọ́n bọ́nẹ́ẹ̀tì tó há, tí wọ́n fà bo orí tó ń kán tótó, ń dáàbò bo irun lọ́wọ́ ìrọ̀rí, ó sì ń há omi mọ́ awọ orí ní alẹ́ kan náà.

Ohun tó ń gbé lórí gbogbo wa

Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní *Malassezia*. Louis-Charles Malassez, onímọ̀ ará Faransé, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1874. Orí gbogbo àgbàlagbà ló ń gbé, ọ̀rá tí awọ orí ń sun ló sì ń jẹ. Bó bá ti ń jẹ ẹ́, ó máa ń fi ásíìdì oléíìkì sílẹ̀. Awọ orí àwọn kan kò bìkítà. Ti àwọn mìíràn á pọ́n, á yún, á sì máa bó. Èyí tó bó náà ni dáńdírọ́ọ̀fù, èérún funfun tó máa ń já sí èjìká. Nǹkan bí ìdajì àgbàlagbà láyé ló ń ní in nígbà kan tàbí òmíràn.

Omi alẹ́ kò gbin fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí sórí ẹnikẹ́ni. Ó ti wà níbẹ̀ kí èèyàn tó fọrun. Ohun tí orí tútù ń ṣe ni pé ó ń pèsè ibi tó gbóná, tó sì rin, láàárín awọ orí àti ìrọ̀rí fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tí dáńdírọ́ọ̀fù ti ń yọ lẹ́nu tẹ́lẹ̀ ni èyí máa ń nira fún jù.

Àṣìṣe ńlá kan sì wà níhìn-ín. Ẹni tó torí ìbẹ̀rù orí tútù kọ̀ láti fọ irun fún oṣù méjì ń ṣe orí rẹ̀ níbi ju ẹni tó fọ̀ ọ́ lálẹ́ lọ, nítorí ọ̀rá àti èérí tó ṣù jọ ni oúnjẹ *Malassezia*. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà, American Academy of Dermatology, gba àwọn aláwọ̀ dúdú nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fọrun lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Àṣìṣe kejì ni kí orí máa yún, kí wọ́n sì máa da gírísì lé e. Fọ́nrán irun ló nílò òróró. Awọ orí tó ń bó nílò ṣáńpù tó ní kẹtokónásọ́ọ̀lù tàbí sẹlẹ́níọ́ọ̀mù nínú.

Làpálàpá orí yàtọ̀ sí dáńdírọ́ọ̀fù. Àwọn ọmọdé ló ń ṣe jù, ara ọmọ mìíràn, òòyà, ẹ̀rọ ìgẹrun tàbí fìlà ló sì ń gbà ràn. Orí tútù nìkan kò lè dá a sílẹ̀. Ìyá tó bá rí ojú kan tó pá róbótó lórí ọmọ rẹ̀, tí irun ti gé kúrú níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ìpara nìkan, nítorí fọ́ńgọ́ọ̀sì rẹ̀ ń wọ inú irun lọ. Oògùn mímu bíi griseofulvin tàbí terbinafine, láti ọwọ́ dókítà, ni wọ́n fi ń wò ó.

Àrùn irun kan tiẹ̀ wà tí àwọn dókítà ti so mọ́ irun tútù gan-an. Píédírà ni wọ́n ń pè é. Ní Brazil, ní 1911, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Paulo Parreiras Horta ya oríṣi rẹ̀ méjì sọ́tọ̀, dúdú àti funfun. Orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń fa ti dúdú, *Piedraia hortae*. Kókó líle dúdú máa ń so mọ́ ara fọ́nrán irun, pàápàá ní ilẹ̀ olóoru tí òjò ti ń rọ̀ gan-an. Ti funfun rọ̀ díẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń ṣì í mú fún ẹyin iná orí. Lára àwọn ọmọbìnrin onírun gígùn ní Íńdíà ni àwọn dókítà ti ń rí i, wọ́n sì ka dídi irun nígbà tó ṣì tutù mọ́ ohun tó ń ṣínà fún un. Gígé irun náà àti oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì ni ìtọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe àrùn tó wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rí tó ṣe kedere jù pé ọ̀rinrin tí wọ́n dì mọ́nú lè ṣínà fún àrùn lára irun fúnra rẹ̀.

Ìrọ̀rí náà kò mọ́ tó bí ojú ṣe ń rí i. Ní 2006, ẹgbẹ́ olùwádìí kan ní Yunifásítì Manchester, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashley Woodcock jẹ́ olórí wọn, yẹ ìrọ̀rí mẹ́wàá wò, àwọn kan tó ti lo ọdún kan àtààbọ̀, àwọn kan tó ti lo ogún ọdún. Oríṣi fọ́ńgọ́ọ̀sì tí wọ́n bá nínú ìrọ̀rí kọ̀ọ̀kan wà láàárín mẹ́rin sí mẹ́rìndínlógún. *Aspergillus fumigatus* ló wọ́pọ̀ jù, èyí tó lè da àwọn tó ní ikọ́ fée láàmú. Òógùn àti èémí tí ń bọ̀ lójoojúmọ́ ti tó láti bọ́ wọn. Ẹni tó tún ń gbé orí tútù lé e lálaalẹ́ ń fi omi kún omi.

Ti orí pípá ńkọ́? Inú ihò irun, nǹkan bíi mílímítà mẹ́rin lábẹ́ awọ, ni irun ti ń hù. Omi tó wà lókè kì í dé ibẹ̀ láti pa á. Irun 50 sí 100 ló ń re lójúmọ́ lórí ẹni tí ara rẹ̀ le, bó sùn pẹ̀lú orí tútù, bí kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn wà láti mọ èyí tó re yàtọ̀ sí èyí tó já: kí èèyàn gbé fọ́nrán kan sójú ìmọ́lẹ̀. Bí kókó funfun kékeré bá wà ní ìdí rẹ̀, ó re ni. Bí kò bá sí, tí ó sì kúrú ju ìyókù lọ, ó já ni, ìyẹn sì lè jẹ́ iṣẹ́ ìrọ̀rí.

Ọ̀fìnkìn àti orí tútù

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, ara ẹlòmíràn ló sì ti ń wá. Láti 1946 ni àwọn ará Britain ti dá ibùdó ìwádìí ọ̀fìnkìn sílẹ̀ ní Salisbury. Christopher Andrewes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní kí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn wẹ̀, kí wọ́n sì dúró pẹ̀lú ara tútù níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Wọn kò kó ọ̀fìnkìn ju àwọn tí ara wọn gbẹ lọ. Ní 1968, ìwádìí mìíràn ní Texas tún rí ohun kan náà: òtútù kò mú kí fáírọ́ọ̀sì ran èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ní Yunifásítì Cardiff, ní 2005, Claire Johnson àti Ronald Eccles ní kí àádọ́rùn-ún èèyàn ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù fún ogún ìṣẹ́jú, kí àádọ́rùn-ún mìíràn ki ẹsẹ̀ bọ abọ́ òfìfo. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, 13 nínú àwọn tó fẹsẹ̀ bọ omi sọ pé ọ̀fìnkìn mú àwọn. Márùn-ún péré ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn yòókù. Èrò wọn ni pé òtútù máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ imú pọ̀, tí fáírọ́ọ̀sì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi ń rí àyè. Ìyẹn ni pé ìkìlọ̀ àwọn ìyá wa kò jìnnà sí òótọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n láìsí fáírọ́ọ̀sì, orí tútù kò lè dá ọ̀fìnkìn sílẹ̀. Ti ojú fífọ́ àti wèrè, kò sí ẹ̀rí kankan fún un.

Lábẹ́ irun dídì, wíìgì àti dàda

Ibí yìí ló yẹ kí àwa jókòó sí jù. Ẹni tó fi irun rẹ̀ sílẹ̀ láìdì lè rí i kó gbẹ láàárín wákàtí mélòó kan. Irun tí wọ́n dì pọ̀ mọ́ àtáṣímẹ́ǹtì yàtọ̀. Ike ni àtáṣímẹ́ǹtì, kì í fa omi sínú, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán rẹ̀ máa ń gbá omi mú láàárín ara wọn. Òde irun dídì á ti gbẹ nígbà tí irun èèyàn tó wà láàárín rẹ̀ ṣì rin.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù onídìrí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ti dìrun tán, onídìrí á gbé omi gbígbóná wá, á ki ìparí irun bọ inú rẹ̀ kó lè rọlẹ̀ kó má tú. Á fi táwẹ́ẹ̀lì fún un, á fi fóòmù pa gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìsàlẹ̀. Oníbàárà á so gèlè mọ́ ọn, á wọ ọkọ̀, á délé, á sùn. Ní orí ẹlòmíràn nínú àwọn tó jókòó de onídìrí, irun dídì ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá tú u, ẹ̀gbin aláwọ̀ eérú kan á wà yí ìdí irun kọ̀ọ̀kan ká: gírísì, eruku, èépá orí àti irun tó ti re tí kò rí ọ̀nà bọ́ sílẹ̀. Onídìrí tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi ìka tú ẹ̀gbin yìí pẹ̀lú òróró kó tó jẹ́ kí omi kàn án, nítorí bí omi bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀, yóò ta kókó tí òòyà kò ní lè tú.

Dídi irun nígbà tó tutù ní ìṣòro tirẹ̀. Irun tó tutù ń nà, onídìrí á sì fà á dé ibi tó nà dé. Bó bá ń gbẹ, ó fẹ́ ká padà. Níwọ̀n bí wọ́n ti dì í mọ́, ìdí irun àti awọ orí ló máa gba gbogbo ìfà náà. Ìfà tó lágbára fún ìgbà pípẹ́ sì ni ohun tó ń mú kí iwájú orí pá. Ní Cape Town, ìwádìí tí Khumalo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2007 rí i pé nǹkan bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò ní orí tó pá nítorí ìfà irun. Nínú àwọn ọkùnrin, ó jẹ́ nǹkan bí ìdá méjì péré.

Wíìgì àti wífọ́ọ̀nù ń bo ohun tó wà nísàlẹ̀ ni. Ẹni tó fọ wífọ́ọ̀nù tí wọ́n rán mọ́ orí lálẹ́, tó sì gbẹ òde rẹ̀ nìkan, ti fi kòlẹ́sẹ̀ tútù sílẹ̀ lábẹ́ àwọ̀n. Ó sàn kí atẹ́gùn dráyà gba àárín ìlà wífọ́ọ̀nù wọlé, láti ìpàkọ́ lọ síwájú.

Dàda ló ń pẹ́ jù kó tó gbẹ. Fọ́nrán irun ti hun pọ̀ nínú rẹ̀, inú lọ́hùn-ún ló sì ń gbẹ kẹ́yìn. Bó bá ń gbẹ díẹ̀, tó ń tutù padà, ẹ̀bu lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ jáde. Kò sí ohun tí òróró olóòórùn dídùn lè ṣe sí i nígbà náà. Kí àwọn òbí tó ní ọmọ dàda, àti àwọn àgbà tó ń gbé irun wọn bẹ́ẹ̀, máa fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn wà, kí wọ́n fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ, kí wọ́n sì jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ Èkó kún fún omi, dráyà kì í ṣe àṣejù fún dàda.

Bí ọwọ́ bá dí títí ilẹ̀ fi ṣú

Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti dẹ́kun fífọ irun lálẹ́ bí àyè mìíràn kò bá sí. Kó pa irun rẹ̀ ní òróró àgbọn tàbí àdín ṣáájú. Bó bá fọ̀ ọ́ tán, kó fi aṣọ òwú rírọ̀ tẹ omi jáde. Kó má fi táwẹ́ẹ̀lì ha á. Kó fi òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra tú u, kó pín in sí mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kó bà á ní wẹ̀rẹ̀. Kó gbé dráyà tí kò gbóná jù láti ibi tó jìnnà díẹ̀, kó sì kọjú rẹ̀ sí awọ orí ṣáájú ìparí irun. Bí iná kò bá sí, wákàtí méjì lójú atẹ́gùn kó tó gorí ibùsùn sàn ju bọ́nẹ́ẹ̀tì lórí omi lọ. Kó máa pààrọ̀ aṣọ ìrọ̀rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Awọ orí tó ń yún ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, tó ń ṣomi, tó ń dùn bí ọwọ́ bá kàn án, tàbí tí irun ti ń kúrò lójú kan, ti kúrò ní ọ̀rọ̀ òróró. Ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara ló yẹ kí ẹni tó ni orí náà lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí àárín orí ara wọn. Onídìrí ló ń rí i, òun ló ń la irun sí méjì tó ń wo awọ orí oníbàárà láti ìpàkọ́ dé iwájú. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí gbígbẹ irun di ara iṣẹ́ tí oníbàárà ń sanwó fún, kó má jẹ́ ohun tí wọ́n ń sáré fò nítorí pé èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kí onídìrí fi ìka kan ìdí irun ní ìpàkọ́, níbi tó máa ń gbẹ kẹ́yìn, kó tó gba owó rẹ̀. Bó bá ṣì tutù, kí oníbàárà padà sábẹ́ dráyà kó tó máa lọ sílé.